Ta Ni Òtòṣì? Ọ̀ràn Ìwọ̀fà àti Ẹrú Nínú Iṣẹ́ Míṣọ́n ní Ilẹ̀ Yorùbá, 1846–1880

Ìfáàrà

Ohun tí pépà yìí dá lé lórí ni ojú tí àwọn míṣọ́nnárì C.M.S. fi wo òtòṣì ní ilẹ̀ Yorùbá, láti ìgbà tí Townsend àti Crowther ti dó sí Abẹ́òkúta ní oṣù Kẹjọ ọdún 1846 títí di ìpàdé tí wọ́n ṣe ní Èkó ní oṣù Kẹta ọdún 1880 lórí ọ̀ràn ẹrú níní. Àwọn onímọ̀ ìtàn ti ṣiṣẹ́ púpọ̀ lórí àkókò yìí, ṣùgbọ́n àwọn tí ó kàwé ni ìwé wọn kún fún jù. Àkọlé tí J. F. Ade Ajayi fún ìwé rẹ̀ ní 1965 kò fi èyí bò: bí àwọn ọ̀tọ̀kùlú titun ṣe dìde ni ó ń wá. Iṣẹ́ oyè ọ̀mọ̀wé tí E. A. Oroge ṣe lórí oko ẹrú ní 1971 sún mọ́ ẹni tí ó jókòó sí ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì tí gbèsè wà lọ́rùn rẹ̀. Ìbéèrè tí ó kù tí ó yẹ kí wọ́n bi míṣọ́n ni èyí: nígbà tí míṣọ́nnárì bá ní nítorí àwọn òtòṣì ni òun ṣe wá, ta ni ó ní lọ́kàn? Ǹjẹ́ ẹni náà ni Yorùbá ń pè ní òtòṣì?

Ẹni tí Kò Lẹ́nìkan

Owó nìkan kọ́ ni Yorùbá fi ń díwọ̀n òṣì. Inú èdè Haúsá ni tálákà ti wọlé wá bá òtòṣì, aláìní àti olùpọ́njú, Bíbélì Yorùbá tí wọ́n parí ní 1884 sì lò wọ́n láìfi ìyàtọ̀ púpọ̀ sáàárín wọn. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn àgbà bá ní ènìyàn ni aṣọ, òṣì kan tí ó le ju àìlówó lọ ni wọ́n ń tọ́ka sí. Ẹni tí ó ní oko, tí ó ní òrùlé, tí kò ní ará tí yóò dìde sí i nígbà tí ológò bá wá jókòó sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀, òtòṣì ni. Ogun ọ̀rúndún kọkàndínlógún sọ irú ènìyàn báyìí di púpọ̀. Nínú rẹ̀ ni wọ́n ti kó Crowther fúnra rẹ̀ lẹ́rú ní Òsogùn ní 1821. Abẹ́òkúta jẹ́ ìlú àwọn tí ogun lé. Ìbàdàn jẹ́ bùdó ogun tí ó di ìlú. Ibi méjèèjì ni míṣọ́n ti fìdí múlẹ̀.

Ìwọ̀fà

Ẹni tí ìnáwó bá dé bá lójijì, ìbáà ṣe òkú àgbà, ìbáà ṣe ìtanràn, tàbí owó tí yóò fi ra ọmọ ìyá rẹ̀ padà lọ́wọ́ àwọn tí ó kó o lógun, kò ní báǹkì kankan tí yóò sá tọ̀. Èsúsú wà, gẹ́gẹ́ bí Samuel Johnson ti ṣàlàyé, tí W. R. Bascom sì tún kọ nípa rẹ̀ ní 1952; ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ti ń dá a ni ó lè kó o, nígbà tí ó bá sì kàn án. Ẹni tí èsúsú kò bá gbà yóò tọ olówó lọ, yóò mú onígbọ̀wọ́ dání, yóò sì fi ara rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀ ṣe ìwọ̀fà. Iṣẹ́ tí ìwọ̀fà ń ṣe ni èlé. Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti ta kókó nìyí: bí ó ti wù kí ìwọ̀fà kọ ebè tó, ẹyọ kan kì í kúrò nínú ojú owó tí wọ́n yá. Àgbàlagbà a máa ṣe iṣẹ́ olówó ní apá kan ọjọ́, a sì máa lọ sí oko tirẹ̀ ní apá kejì. Ọmọdé a máa gbé ọ̀dọ̀ olówó títí owó yóò fi pé. Bí ìwọ̀fà bá kú, gbèsè kò bá a kú.

Nínú ìwé ìtàn tí ó parí ní 1897, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1921, Samuel Johnson tẹnumọ́ ọn pé ìwọ̀fà kì í ṣe ẹrú. Ipò rẹ̀ láwùjọ kò yẹ̀, ẹ̀tọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ nìkan ni olówó ní. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ojú ẹni tí ó mọ òfin ni Johnson fi wò ó. Ojú ọmọ ọdún mẹ́jọ tí ó ń sùn nílé onílé nítorí òkú ìyá-ńlá kan tí kò mọ̀, ojú mìíràn ni.

Ìràpadà àti ìdáǹdè tí ìjọ ń gbọ́ lórí àga ìwàásù kì í ṣe àfiwé lásán létí irú àwọn ènìyàn wọ̀nyí. Ẹni tí ó gbọ́ Olùràpadà mọ iye tí wọ́n ń béèrè lórí ènìyàn kan, ó sì lè dárúkọ ẹni tí ó kù tí wọn kò rí owó rà.

Òwú àti Òfin

Kí ni míṣọ́n gbé wá pàdé òṣì yìí? Ètò tí Henry Venn, tí ó jẹ́ akọ̀wé C.M.S. láti 1841 dé 1872, tẹ̀ lé wá láti inú èrò T. F. Buxton: kí ìwàásù àti iṣẹ́ àgbẹ̀ jọ rìn, kí òwò òwú lè lé òwò ẹrú kúrò nílẹ̀. Venn bá Thomas Clegg, oníṣòwò kan ní Manchester, dá òwò náà sílẹ̀. Ilé-iṣẹ́ ọwọ́ dé Abẹ́òkúta láàárín ọdún 1850 sí 1859, ẹ̀rọ tí ń ya òwú kúrò lára kóró sì bá a dé. Lójú Venn, àìríṣẹ́-ṣe àti àìsí ọjà ni òṣì. Ṣùgbọ́n ẹni tí yóò jèrè nínú òwú ni ẹni tí ó ní ilẹ̀ tí ó sì ní ọwọ́ púpọ̀ tí yóò ro ó, ọwọ́ tí ó sì wà nílẹ̀ nígbà náà ni ti ẹrú àti ti ìwọ̀fà. Oògùn òwò ẹrú wá ń béèrè ẹrú sí i.

Crowther rí èyí ju àwọn tí ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù lọ. Ìmọ̀ràn rẹ̀ ni pé kí wọ́n má fi ẹrú ilé wé ti Amẹ́ríkà, kí wọ́n sì fi sùúrù tú u palẹ̀. James Johnson, ọmọ àwọn Yorùbá tí wọ́n tú sílẹ̀ ní Sàró, kò ní irú sùúrù bẹ́ẹ̀. Nígbà tí wọ́n fi ṣe alábòójútó àwọn ìjọ inú ilẹ̀, ó fẹ́ kí àwọn Kristẹni Abẹ́òkúta jẹ́ kí ẹrú wọn gba òmìnira, ó sì tẹnumọ́ owó kíláàsì pẹ̀lú. (Àwọn ọmọ ìjọ máa ń wí pé owó ni kẹ̀kẹ́ ìhìnrere, wọn kì í sábà sọ ẹni tí kẹ̀kẹ́ náà ń gun lẹ́sẹ̀.) Ní 1879 C.M.S. pàṣẹ pé kí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kankan má ṣe ní ẹrú tàbí ìwọ̀fà mọ́. Àwọn ọlọ́rọ̀ ìjọ, tí obìnrin oníṣòwò pọ̀ nínú wọn, kọ̀ jálẹ̀ fún Johnson, C.M.S. sì mú un kúrò ní Abẹ́òkúta ní 1880.

Àwọn tí ó kọ̀wé lórí ìjà yìí sábà máa ń fi í hàn bí ìjà láàrin ẹ̀rí ọkàn àti èrè. Kò tán síbẹ̀. Òfin náà wẹ ọwọ́ òṣìṣẹ́ míṣọ́n mọ́, ṣùgbọ́n kò sọ ibi tí onígbèsè yóò ti rí owó bí òkú bá sùn nílé rẹ̀ lọ́la. Bí olówó tí ó jẹ́ Kristẹni kò bá yá a mọ́, ọ̀dọ̀ balógun ni yóò lọ, ìjọ kò sì ní ẹnu ní ọ̀dọ̀ balógun. Johnson mọ ìrora ìwọ̀fà ju Crowther lọ, Crowther sì mọ ohun tí ìwọ̀fà ń ṣe ju Johnson lọ. Èsúsú tí ó wà lójú gbogbo wọn kò wọ inú ètò Venn, bẹ́ẹ̀ ni kò wọ inú òfin 1879.

Ilé Hinderer

Ní 1853 ni David àti Anna Hinderer dé Ìbàdàn láti máa gbé ibẹ̀, Anna sì ń kó ọmọdé sí ọ̀dọ̀. Nígbà tí ogun Ìjàyè bẹ́ ní 1860, ọ̀nà etí òkun dí, owó àti oúnjẹ tí ń ti Èkó bọ̀ dúró. Míṣọ́nnárì tí ó wá fún àwọn aláìní di aláìní. Wọ́n ta nínú ẹrù ilé wọn kí wọ́n tó jẹun, títí di 1865 tí Gómìnà Glover rán Captain Maxwell láti la igbó wá gbé Anna lọ sí etí òkun. Ọdún wọ̀nyẹn ni wọ́n gbé bí ará àdúgbò wọn ti ń gbé, tí wọ́n ń wo ojú ọjà bí gbogbo ènìyàn. Samuel Johnson, tí bàbá rẹ̀ bá Hinderer ṣiṣẹ́, wà ní Ìbàdàn lọ́mọdé ní ìgbà náà. Ó ṣeé ṣe kí ó ti ibẹ̀ mọ̀ pé gbèsè kì í sọ ọmọlúwàbí di ẹrú. Àjálù ni wọ́n ka àsìkò yìí sí, wọn kò fi ṣe ẹ̀kọ́. Ètò kankan kò jáde láti inú rẹ̀.

Lónìí àwọn ìjọ Yorùbá fúnra wọn ni ó ń rán míṣọ́nnárì lọ sí àwọn ìletò tí èdè wọn yàtọ̀ ní àríwá Nàìjíríà àti ní orílẹ̀-èdè Benin. Aṣọ àlòkù àti ìrẹsì ni ó sábà máa ń kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀. Ẹni tí ń yá àwọn ará ìletò náà lówó, iye èlé rẹ̀, àti ohun tí ó ń gbà ṣe ìdúró, ni ó yẹ kí wọ́n béèrè kí wọ́n tó tú ẹrù.