Igbó Ọba àti Ẹgàn: Àlàyé lórí Ìpamọ́ Igbó ní Ẹkùn Ọ̀sà Ilẹ̀ Yorùbá

Ìfáàrà

Orúkọ tí Yorùbá ń pe igbó kì í ṣe ẹyọ kan. Ọ̀tọ̀ ni ẹgàn, ìyẹn igbó àgbà tí àdá kò tíì kàn. Ọ̀tọ̀ ni ìgbẹ́ tí ó hù lórí oko tí àgbẹ̀ ti fi sílẹ̀. Ọ̀tọ̀ ni igbó abàtà. Ọ̀tọ̀ sì ni igbó àìwọ̀ tí ó jẹ́ ti òrìṣà. Nígbà tí ìjọba amúnisìn bẹ̀rẹ̀ sí í pààlà sí igbó, orúkọ mìíràn kún un: igbó ọba. Àlàyé inú iṣẹ́ yìí dá lé ohun tí igbó ọba jẹ́ ní ẹkùn igbó òjò tí ó sún mọ́ ọ̀sà àti òkun ní Ìpínlẹ̀ Ògùn àti Ìpínlẹ̀ Èkó, àti ìdí tí ó fi yẹ kí olùkọ́ èdè Yorùbá mọ ìyàtọ̀ àárín àwọn orúkọ wọ̀nyí kí ó tó kó akẹ́kọ̀ọ́ lọ síbẹ̀.

Igbó Ọba Omo

Ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ní Ìpínlẹ̀ Ògùn ni igbó yìí wà. Ọdún 1925 ni ìjọba sọ ọ́ di igbó ọba, ó sì fẹ̀ tó nǹkan bí 130,500 hẹ́kítà. Ní ọdún 1946, ìjọba ya nǹkan bí 460 hẹ́kítà sọ́tọ̀ nínú rẹ̀, pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gé igi tàbí dá oko níbẹ̀ rárá. Ní ọdún 1977, àjọ UNESCO fi Omo kún àwọn àyíká ìṣẹ̀dá tí gbogbo ayé ń fi ojú sí.

Bí a bá ṣe ìṣirò, apá tí a yà sọ́tọ̀ pátápátá yìí kò pé ìdá kan nínú igba igbó náà. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà. Wọ́n rò pé níbikíbi tí a bá pè ní igbó ọba, igi kankan kò gbọdọ̀ wó. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tí ó wà lọ́kàn ìjọba amúnisìn ni pé kí igi gẹdú má baà tán, kí wọ́n lè máa gé e létòlétò, kí owó sì máa wọlé. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni ìtì igi láti irú igbó bẹ́ẹ̀ fi ń léfòó gba orí ọ̀sà dé Òkò Bàbá ní Èkó, níbi tí wọ́n ti ń là á sí pákó.

Ẹgàn kò sì ṣeé fi igi gbígbìn dípò rẹ̀. Ní ìpele-ìpele ni igi rẹ̀ dúró. Àràbà àti ìrókò yọ orí sókè ju gbogbo igi yòókù lọ. Àwọn tí ó tẹ̀ lé wọn fi ewé kan ara wọn bí àjà. Àwọn kéékèèké sì wà nísàlẹ̀ nínú òjìji, níbi tí ilẹ̀ ti tutù, tí ewé tí ó jábọ́ ń jẹrà kíákíá láti bọ́ gbòǹgbò. Bí a bá gé àwọn ńláńlá, oòrùn á wọlé, ilẹ̀ á gbẹ, ewé Akíntọ́lá á sì gba ibẹ̀. Nígbà tí wọ́n ro apá kan Omo, tí wọ́n gbin igi mẹ̀línà, igi ilẹ̀ Éṣíà tí ó ń tètè dàgbà, láti fi pèsè igi fún ilé iṣẹ́ ìwé Ìwòpin, igi wà lórí ilẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹgàn ti lọ. Erin ṣì wà ní Omo títí di òní. Erin kò lè fi oko mẹ̀línà nìkan ṣe ilé.

Ta ni ọba inú igbó ọba?

Ọba tí orúkọ yìí ń tọ́ka sí kì í ṣe ọba ìlú. Ìjọba ni, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí nínú iṣẹ́ ọba. Gbogbo ọmọ Yorùbá ni ó sì mọ ojú tí a fi ń wo iṣẹ́ ọba: a kì í ṣe é làágùn. Àgbẹ̀ tí ó ń wọ inú Omo lọ gbin kòkó kò rò pé òun ń jí nǹkan aládùúgbò òun. Nǹkan ìjọba ni, ìjọba kò sì gbé nítòsí. Ti igbó àìwọ̀ yàtọ̀. Èèwọ̀ ni odi rẹ̀, àwọn tí wọ́n ń gbé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni wọ́n sì ń ṣọ́ ọ. Kì í ṣe pé gbogbo irú igbó bẹ́ẹ̀ ni ó yè. Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, tí kì í ṣe ẹkùn ọ̀sà ṣùgbọ́n tí ó jẹ́ àpẹẹrẹ tí ó hàn jù lọ, fẹ́rẹ̀ẹ́ bàjẹ́ kí àwọn olórìṣà pẹ̀lú Susanne Wenger, Àdùnní Olórìṣà, tó dìde sí i. Ó di ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ní ọdún 1965, UNESCO sì gbà á wọlé gẹ́gẹ́ bí ogún gbogbo ayé ní ọdún 2005. Hẹ́kítà 75 péré ni.

Lẹ́kí àti orúkọ igi

Ibi tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ Èkó ń dé ni ọgbà ìpamọ́ Lẹ́kí, tí àjọ Nigerian Conservation Foundation dá sílẹ̀ ní ọdún 1990. Hẹ́kítà 78 ni, láàárín ọ̀sà àti òkun. Igbó abàtà ni púpọ̀ nínú rẹ̀: igi ògùrọ̀ wà níbẹ̀, ọ̀bọ, ọ̀nì àti alégbà náà wà níbẹ̀. Afárá ojú òfuurufú ibẹ̀ gùn ní mítà 401, òun sì ni gbogbo ọmọ ń rántí bí wọ́n bá délé. Kò burú. Ṣùgbọ́n bí olùkọ́ kò bá mọ orúkọ ohun tí ó wà nísàlẹ̀ afárá náà, fọ́tò nìkan ni wọn yóò mú bọ̀.

Ohun ìyanu kan wà nínú ọ̀rọ̀ orúkọ yìí. Ìrókò, àfàrà, òpèpè àti ìdígbó jẹ́ orúkọ tí àwọn oníṣòwò pákó ní Yúróòpù fi ń ta igi títí di òní. Ẹnu Yorùbá ni wọ́n ti gbà wọ́n. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ń sọ Yorùbá ní ilé kò lè fi ìka tọ́ ọ̀kan nínú wọn. Ọdẹ mọ̀ wọ́n, káfíńtà mọ púpọ̀, bẹ́ẹ̀ ni ìyá ẹlẹ́wé-ọmọ ní ọjà. Lọ́dọ̀ wọn ni iṣẹ́ olùkọ́ ti bẹ̀rẹ̀, ní ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì ṣáájú ìrìn àjò, kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ orúkọ tí wọ́n bá gbọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú àmì ohùn rẹ̀. Àmì ohùn ṣe kókó: ọmọ tí a bí yàtọ̀ sí ọmọ̀, igi tí a fi ń gbẹ́ ara ìlù dùndún, akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá sì ti fi ọwọ́ kan èèpo rẹ̀ kì í ṣi àmì náà fi sí i mọ́.