Ẹnu kan, iṣẹ́ méjì: fèrè Orlando Julius, ọmọ tí wọ́n bí sí Ìkọ̀lé

Bí àgbà kan bá kú ní Ìgbólé wa ní Èkìtì, tí àwọn ọmọ rẹ̀ sì rí owó ná, àwọn onífèrè a máa tẹ̀lé pósí wọ̀lú. Ẹ ti rí ọ̀kan nínú wọn rí, ẹni tí fèrè rẹ̀ tẹ̀ kọrọdọ nísàlẹ̀ bí ìkòkò tábà. Á yọ ọ́ lẹ́nu, á lé orin kan, àwọn èrò á gbè é, kí wọ́n tó gbè é tán, ó ti dá fèrè padà sẹ́nu. Kò lè ṣe méjèèjì pọ̀. Ẹnu kan ló ní.

Ìdí abájọ náà kò ju báyìí lọ. Idẹ ni wọ́n fi ṣe fèrè náà, saxophone, èyí tí Adolphe Sax, ọmọ Bẹ́ljíọ̀mù, gba ìwé àṣẹ lé lórí ní Paris ní 1846. Ṣùgbọ́n idẹ kọ́ ló ń dún. Abala ìfefe tín-ín-rín kan wà lẹ́nu rẹ̀ tí ètè ń dì mú. Bí afẹ́fẹ́ bá kọlù ú, á máa gbọ̀n, á máa ṣí, á máa pa dé, ìgbọ̀n yẹn ló ń sọ afẹ́fẹ́ inú fèrè di ohùn. Bí a bá ṣí ihò ara rẹ̀, ọ̀nà afẹ́fẹ́ kúrú, ohùn gòkè. Ẹni tó bá fún ètè rẹ̀ pọ̀ tàbí tó dẹ̀ ẹ́ lè yí ohùn kan díẹ̀díẹ̀ wọ inú òmíràn, bí ahọ́n wa ṣe ń yọ̀ láti orí àmì ìsàlẹ̀ lọ sí ti òkè. Mo rò pé ìyẹn wà lára ohun tó jẹ́ kí fèrè yìí tètè bá etí Yorùbá mu.

Lára àwọn tó sọ iṣẹ́ méjì yìí, orin kíkọ àti fèrè fífọn, di òwò ńlá ni àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà. Nígbà tí owó ẹgbẹ́ eléré ńlá di ẹtì láti san ní àwọn ọdún 1940, wọ́n dín in kù sí ènìyàn márùn-ún sí méje, wọ́n mú orin blues yá, wọ́n jẹ́ kó máa fò. Jump blues ni wọ́n ń pè é. Louis Jordan, ọmọ Arkansas tí wọ́n bí ní 1908, ló gbajúmọ̀ jù níbẹ̀: ó ń fọn saxophone, ó ń kọrin, ó ń pa àwọn ènìyàn lẹ́rìn-ín. Ní 1946, orin rẹ̀ “Choo Choo Ch'Boogie” wà ní ipò kìíní fún ọ̀sẹ̀ 18 láàárín àwọn àwo tí àwọn dúdú ń rà. Ẹsẹ blues kan sábà máa ń ní ìlà mẹ́ta, àyè sì máa ń ṣí sílẹ̀ lẹ́yìn ìlà kọ̀ọ̀kan. Inú àyè yẹn ni fèrè ti ń fèsì. Lílé àti ègbè náà ni, àmọ́ ọ̀kan ṣoṣo ló ń ṣe méjèèjì. Àwọn afọnfèrè kan tilẹ̀ máa ń kùn nínú ọ̀fun bí wọ́n ṣe ń fọn ọ́ lọ, tí fèrè á fi ha bí ohùn ẹni tó ti pariwo jù.

Nílé tiwa níbí, ọdún 1943 ni wọ́n bí afọnfèrè tó ń kọrin, Orlando Julius Àrẹ̀mú Ekémọdẹ sí Ìkọ̀lé, tí a ó dé bí a bá ti Ìgbólé gba Ifàkì àti Ọ̀yẹ́ kọjá. Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà ni àwọn òbí rẹ̀ ti wá. Ìyá rẹ̀ ń kọrin, ó ń jó, ọmọ ń lùlù sí i. Lẹ́yìn tí bàbá kú, ó gba Ìbàdàn lọ ní 1957, ó ń ṣiṣẹ́ nílé búrẹ́dì, ó sì ń bá àwọn eléré jùjú àti kóńkómà ṣeré. Ìbàdàn yẹn ló ti di afọnfèrè, tó bá Eddy Okonta, olórí ẹgbẹ́ highlife, ṣiṣẹ́, kó tó dá ẹgbẹ́ tirẹ̀, Modern Aces, sílẹ̀, tí wọ́n ń ṣeré ní Independence Hotel. Orin rẹ̀ “Jagua Nana”, tó ń jẹ́ orúkọ kan náà pẹ̀lú ìwé ìtàn Cyprian Ekwensi, jáde ní 1965. Àwo ńlá rẹ̀, Super Afro Soul, tẹ̀lé e ní 1966.

Ẹ gbọ́ àwo náà dáadáa. Highlife ni ilẹ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n soul Amẹ́ríkà ti wọlé jókòó. “My Girl” tí àwọn Temptations kọ wà níbẹ̀. Àwọn kan a máa lérí pé inú “Ijo Soul” ni James Brown ti jí “I Got You” mú. Èmi ò gbà. Ti James Brown ti wà lórí igbá ní 1965, kí Super Afro Soul tó jáde. Ohun tí kò sí lọ́wọ́ James Brown wà nísàlẹ̀ orin náà, níbi tí ìlù ti ń rìn, àti nínú Yorùbá tó ń jáde lẹ́nu kan náà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fi fèrè sílẹ̀.

Orlando máa ń sọ pé Fẹlá Kuti a máa wá bá òun ṣeré ní Ìbàdàn, nígbà tó ṣì jẹ́ pé kàkàkí òyìnbó (trumpet) ni Fẹlá ń fọn. Saxophone kò di ti Fẹlá títí di 1973, lẹ́yìn tí Igo Chico, tó ń fọn ọ́ nínú ẹgbẹ́ rẹ̀, kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Ẹ ò rí i pé ẹni tí gbogbo ayé mọ̀ sí afọnfèrè tó ń kọrin, ẹ̀yìn ló ti dé ìdí iṣẹ́ náà.

Ní 1974 Orlando kọjá sí Amẹ́ríkà, ó bá àwọn olórin bíi Hugh Masekela àti Lamont Dozier ṣiṣẹ́, ó padà wálé lẹ́yìn ọdún púpọ̀. Ó kú ní oṣù kẹrin ọdún 2022. Àwo tó ṣe pẹ̀lú àwọn Heliocentrics ti ìlú London, Jaiyede Afro, jáde ní 2014, nígbà tó ti tó ẹni àádọ́rin ọdún. Ọ̀kan nínú orin ibẹ̀ ń jẹ́ “Omo Oba Blues”. Lórí àwo náà, bàbá arúgbó ṣì ń kọ, ó ń dákẹ́ díẹ̀ kí ètè lè rí ìfefe dì mú, ó wá ń fọn.