Píkọ́ọ̀pù Tó Ń "Mísì": Ẹ Wádìí Kí Ẹ Tó Ra Páàtì

Tí ẹ bá dúró lẹ́bàá títì ní Akaka Rẹ́mọ lásìkò tí wọ́n ń kó ẹ̀gẹ́ tàbí obì jáde lóko, kò ní pẹ́ tí ẹ ó fi gbọ́ ọ: "tù-tù-tù... pà! tù-tù." Píkọ́ọ̀pù àtijọ́ kan ló ń bọ̀ yẹn. Ẹrù kún ẹ̀yìn rẹ̀, ara rẹ̀ ń gbọ̀n, awakọ̀ ń tẹná, mọ́tò ò sì yára. Ẹ bi mẹkáníìkì èyíkéyìí, á ní, "Ó ń mísì ni."

Òótọ́ ni. Àmọ́ "ó ń mísì" ò tíì sọ ohun tó ń ṣe é. Ó dà bí ìgbà téèyàn ní "ara mi gbóná": ó lè jẹ́ ibà, ó sì lè jẹ́ nǹkan míì. Ibẹ̀ lowó ti ń ṣòfò. Ẹnì kan á ní kí ẹ pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì, ẹnì kejì á ní kọ́ílì ni, ẹnì kẹta á ní kábúrétọ̀ ló ti bàjẹ́. Kí ilẹ̀ tó ṣú, owó ti tán sórí páàtì, mọ́tò ṣì ń mísì. Ẹ̀gẹ́ tí wọ́n sì ti wú kì í dúró de ẹnikẹ́ni, láàárín ọjọ́ méjì sí mẹ́ta ló ti ń bàjẹ́.

Mọ́tò tuntun máa ń sọ àìsàn rẹ̀ fún ẹ̀rọ àyẹ̀wò tí wọ́n bá kì í bọ̀ ọ́. Ní Amẹ́ríkà, òfin ti sọ ọ́ di dandan fún mọ́tò láti ọdún 1996. Àmọ́ píkọ́ọ̀pù Peugeot 504, tó jáde lọ́dún 1979, tàbí Hilux àtijọ́ tó ń lo kábúrétọ̀, kò ní irú ẹnu bẹ́ẹ̀. Àwa la máa bi í léèrè.

Kí ló ń jẹ́ mísì gan-an?

Ẹ́ńjìnnì wọn ní sílíńdà mẹ́rin. Nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, nǹkan mẹ́rin ló ń ṣẹlẹ̀ tẹ̀lé ara wọn: ó á fa epo àti afẹ́fẹ́ wọlé, á fún un pọ̀, iná á ṣẹ́ sí i, á wá lé èéfín jáde. Ìgbà méjì ni ẹ́ńjìnnì máa yí kí sílíńdà kan tó jó lẹ́ẹ̀kan. Tí ẹ́ńjìnnì bá ń yí ní ìgbà 3,000 ní ìṣẹ́jú kan, sílíńdà kan ń jó ní ìgbà 25 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lápapọ̀, ìgbà 100! Tí ọ̀kan bá kọ̀ láti jó, ìyẹn ni mísì. Àwọn mẹ́ta tó kù ló máa fa ẹrù, wọ́n á tún fa ọ̀lẹ náà mọ́ ọn.

Ohun mẹ́ta ni sílíńdà nílò: iná tó lágbára tó sì bọ́ sásìkò, epo àti afẹ́fẹ́ ní ìwọ̀n tó yẹ, àti ìfúnpọ̀. Ohunkóhun tó bá fa mísì, ọ̀kan nínú mẹ́ta yìí ló máa já sí. Torí náà, iṣẹ́ wa ni ká mọ èwo ni, ká tó tú nǹkan.

Ìgbà wo ló máa ń ṣe é?

Ìbéèrè àkọ́kọ́ nìyí, kò sì gba kọ́bọ̀. Tó bá jẹ́ ìgbà tó bá ń gun òkè pẹ̀lú ẹrù ló ń mísì, ẹ kọ́kọ́ fura sí iná. Kí nìdí? Tí ẹ bá tẹná gidi, afẹ́fẹ́ àti epo tó ń wọlé á pọ̀ sí i, wọ́n á fún pọ̀ jù tẹ́lẹ̀ lọ. Bí wọ́n bá ṣe ki tó, bẹ́ẹ̀ ló ṣe máa le fún iná láti fò láti etí púlọ́ọ̀gì kan sí èkejì. Kọ́ílì tàbí wáyà tó ti rẹ̀ lè tó o lò nígbà tí mọ́tò dúró, kó má tó mọ́ lórí òkè.

Tó bá jẹ́ ìgbà tí mọ́tò dúró jẹ́ẹ́ ló ń mísì, tó sì ń dáa tẹ́ ẹ bá tẹná, ẹ wo bóyá afẹ́fẹ́ ń jò wọlé láàárín kábúrétọ̀ àti ẹ́ńjìnnì, tàbí lára rọ́bà tó ti ya. Afẹ́fẹ́ kékeré tó jò wọlé á ba ìwọ̀n jẹ́ nígbà tí ohun tó ń wọlé kéré. Nígbà tó bá pọ̀, kò fi bẹ́ẹ̀ hàn mọ́.

Tó bá jẹ́ lẹ́yìn òjò ló bẹ̀rẹ̀, wáyà púlọ́ọ̀gì àti ìdérí dìsìtìríbútọ̀ ni kẹ́ ẹ wò. Ẹ ṣí bọ́ńẹ́ẹ̀tì lóru nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́: tí ẹ bá rí iná búlúù tó ń ta jáde lára wáyà, ó ti tán, ẹ ti mú olè.

Sílíńdà wo ni?

Ẹ fẹ́ mọ ọ̀lẹ náà, abí? Ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ yọ wáyà púlọ́ọ̀gì kan, ẹ so orí wáyà náà mọ́ ara irin ẹ́ńjìnnì kí iná lè rí ibi gbà, kẹ́ ẹ wá tan án padà. Tí ìró ẹ́ńjìnnì bá burú sí i, sílíńdà yẹn ń ṣiṣẹ́. Tí ohunkóhun ò bá yí padà, òun lẹ ń wá. Ẹ má fi ọwọ́ lásán fa wáyà nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́ o! Bátìrì fóòtì 12 ni, àmọ́ kọ́ílì ń sọ ọ́ di ẹgbẹẹgbẹ̀rún fóòtì, ó lè kọjá 10,000. Ara Amẹ́ríkà kan, Charles Kettering, ló gbé irú ètò iná yìí jáde ní nǹkan bí ọdún 1910, òun náà ni píkọ́ọ̀pù wa ṣì ń lò.

Tí ẹ bá ń dá wáyà padà, ẹ rántí ètò jíjó: 1-3-4-2. Àwọn onílé Peugeot, ẹ fetí sí èyí: sílíńdà kìn-ín-ní tiyín wà níhà ìdí ẹ́ńjìnnì, níbi tí jíà wà, kò sí níwájú bíi ti Toyota. Mọ́tò tó dára tẹ́lẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ sí í mísì nítorí ẹni tó ka nọ́ńbà láti iwájú.

Ẹ ti mọ ọ̀lẹ báyìí. Ẹ yọ púlọ́ọ̀gì rẹ̀, kẹ́ ẹ wò ó. Tí ó bá pọ́n rẹ́súrẹ́sú bí ìgbẹ́lẹ̀ gbígbẹ, ó dáa. Dúdú gbígbẹ bí èédú: epo pọ̀ jù. Tútù tó ń rùn bẹtiróòlù: iná ò ṣẹ́. Tútù pẹ̀lú ọ́ìlì: òrùka pístọ́ọ̀nù ti ń jẹun tán. Funfun: epo kéré jù tàbí ooru pọ̀ jù.

Lẹ́yìn náà, ẹ pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì yẹn pẹ̀lú ti sílíńdà tó ń ṣiṣẹ́. Tí mísì bá bá púlọ́ọ̀gì lọ, púlọ́ọ̀gì ni. Tó bá dúró síbẹ̀, ẹ ṣe wáyà náà bẹ́ẹ̀. Ohun kan lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo o! Tí ẹ bá yí nǹkan mẹ́ta papọ̀, tó sì dáa, ẹ ò ní mọ èyí tó wo mọ́tò sàn, ẹ ó sì ti sanwó mẹ́ta.

Tí iná bá dáa tí sílíńdà yẹn ò sì jó, ó kan ìfúnpọ̀. Ẹ yọ gbogbo púlọ́ọ̀gì, ẹ gé iná kọ́ílì, ẹ tẹná mọ́lẹ̀ pátápátá, kí mẹkáníìkì fi géèjì wọn ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èyí tó kéré jù kò gbọ́dọ̀ dín ní ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin èyí tó pọ̀ jù. Tó bá dín, ẹ rọ ṣíbí ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì kan sínú rẹ̀, kẹ́ ẹ tún wọ̀n ọ́n. Tó bá gòkè, òrùka ni. Tí kò bá yí padà, fáàfù tàbí gásíkẹ́ẹ̀tì ni. Tí méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn bá lọ sílẹ̀ papọ̀, gásíkẹ́ẹ̀tì àárín wọn ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fura sí. Kẹ́ ẹ tó gbà kí wọ́n tú ẹ́ńjìnnì, ẹ ní kí wọ́n ṣètò tápẹ́ẹ̀tì. Fáàfù tí kò padé dáadáa nítorí tápẹ́ẹ̀tì tó há jù máa ń ṣe bí ẹ́ńjìnnì tó ti kú.

Tó bá jẹ́ epo ńkọ́?

Tí gbogbo sílíńdà bá ń mísì káàkiri, pàápàá lẹ́yìn tí ẹ ra epo, ẹ fi púlọ́ọ̀gì sílẹ̀ ná. Ní oṣù Kejì ọdún 2022, NMDPRA, àjọ tó ń bójú tó epo, kéde pé bẹtiróòlù kan ti wọ ọjà tí mẹ́táánòòlì inú rẹ̀ ju ìwọ̀n tí Nàìjíríà fàyè gbà. NNPC ní láti Antwerp ní Belgium ni wọ́n ti kó o wá. Wọ́n kó epo náà kúrò lọ́jà, ìlà sì gùn nílé epo ní Èkó àti Àbújá.

Kí ni mẹ́táánòòlì fẹ́ ṣe fún píkọ́ọ̀pù? Kílò bẹtiróòlù kan nílò nǹkan bíi kílò afẹ́fẹ́ 14.7 kó tó jó tán. Kílò mẹ́táánòòlì kan ò nílò ju 6.4 lọ. Torí náà, ihò kábúrétọ̀ tí wọ́n gbẹ́ fún bẹtiróòlù á máa fún ẹ́ńjìnnì ní epo tó kéré sí iye tó yẹ, kábúrétọ̀ ò sì mọ̀ pé nǹkan ti yí padà. Mẹ́táánòòlì tún fẹ́ràn omi. Tí omi bá wà ní ìdí táǹkì, á kúrò lára bẹtiróòlù, á lọ bá omi nísàlẹ̀, ìsàlẹ̀ yẹn náà sì ni páìpù ti ń fa epo.

Ẹ lè dán an wò. Ní ìta gbangba, jìnnà sí iná, ẹ bu omi mílílítà 10 sínú ìgò tẹ́ẹ́rẹ́ tó mọ́ gaara, ẹ sàmì sí ibi tó dé. Ẹ fi epo mílílítà 90 kún un, ẹ dé e, ẹ gbọ̀n ọ́n, ẹ jẹ́ kó fara balẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Bẹtiróòlù á wà lókè, omi á wà nísàlẹ̀. Tí omi ìsàlẹ̀ bá ti ga ju àmì lọ, ọtí wà nínú epo yẹn. Kò ní sọ fún yín bóyá ẹ́táánòòlì ni tàbí mẹ́táánòòlì, àmọ́ ẹ ti mọ ibi tí àrùn wà.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ẹnu fa epo láti inú táǹkì. Bẹtiróòlù fúnra rẹ̀ lè wọ ẹ̀dọ̀fóró, kó sì pààyàn. Ti mẹ́táánòòlì tún burú: ìwọ̀nba ṣíbí díẹ̀ lè fọ́ ojú èèyàn. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2015, ní Òde-Ìrèlè ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, ó ju èèyàn mẹ́wàá lọ tó kú, ojú àwọn míì sì kọ́kọ́ fọ́. Mẹ́táánòòlì inú ọtí ìbílẹ̀ ni àwọn elétò ìlera tọ́ka sí. Páńpù aláfọwọ́tẹ̀ ò wọ́n rárá tẹ́ ẹ bá fi wé ojú.

Torí náà, nígbà tí mọ́tò bá tún ń mísì, ìbéèrè tẹ́ ẹ máa bi mẹkáníìkì nìyí: "Sílíńdà wo ni, báwo lẹ ṣe mọ̀?" Mẹkáníìkì tó mọṣẹ́ ò ní bínú, á fi hàn yín. Ẹni tí kò bá rí èsì fún un, ẹ má tíì fún un lówó páàtì.