Kí Ló Dé Tí Ọ̀pá Ìbọn Fi Ń Kọ̀ Láti Tú?

Ṣé ẹ ti dúró lọ́dọ̀ fọganáísà rí, tí nọ́ọ̀tì táyà kan kọ̀ tí kò tú? Ó ṣẹlẹ̀ sí mi. Ọ̀gbẹ́ni náà ki páìpù gígùn bọ sípánà, ó fò gùn ún, a sì gbọ́ "kàá!" Inú mi dùn, mo rò pé ó ti tú. Àṣé bóòtù ló kán!

Àwọn tó ń tún ìbọn ṣe ní Amẹ́ríkà mọ ọ̀rọ̀ yìí dáadáa, nítorí ìbọn kan tó ń jẹ́ M1917. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń fa irin ẹ̀yìn rẹ̀ kí ọta tuntun tó wọlé. Èyí tí wọ́n ṣe nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní lé ní mílíọ̀nù 2. Lẹ́yìn ogun, àwọn ọdẹ sọ ọ̀pọ̀ rẹ̀ di ìbọn ọdẹ, àwọn kan sì fẹ́ pààrọ̀ ọ̀pá rẹ̀. Wàhálà dé! Ọ̀pá àwọn tí wọ́n ṣe ní Eddystone, ní Pennsylvania, le láti tú gan-an. Ẹni tó bá fi tipátipá yí i, àpótí irin tí ọ̀pá náà wọ̀ sí lè là.

Kí ló dì í mú? Ọ̀pá ìbọn ní tírẹ́ẹ̀dì bíi ti ìdérí ìgò. Ó tún ní èjìká tó ń tẹ ojú àpótí náà. Bí wọ́n ṣe ń yí i le sí i, irin ń nà díẹ̀ bíi sípíríìnì, ó sì ń fa ara rẹ̀ mọ́ra. Ìtẹ̀mọ́ra yìí ló ń bí ìfarakínra tí kì í jẹ́ kó yí. Bí ìpẹtà bá wá wọ̀ ọ́, ó tún burú sí i, torí ìpẹtà máa ń gba àyè ju irin tó ti jẹ lọ.

Ọgbọ́n mẹ́ta ló wà. Àkọ́kọ́, òróró tó ṣàn dáadáa: ó ń wọ àlàfo tóóró fúnra rẹ̀, bí kẹrosíìnì ṣe ń gun òwú àtùpà. Ẹ fún un láyè di ọjọ́ kejì. Èkejì, ooru. Bí ihò irin tó fẹ̀ ní mìlímítà 25 bá gbóná sí i ní 100°C, á fi nǹkan bíi mìlímítà 0.03 fẹ̀ sí i. Ó kéré o, àmọ́ ó lè tó. Ṣùgbọ́n ooru àpọ̀jù ń ba líle irin jẹ́.

Ẹ̀kẹta ló wù mí jù. Wọ́n á fi ẹ̀rọ gé ìlà tóóró yí ọ̀pá ká, níwájú èjìká gan-an. Èjìká kò ní lè tẹ ojú àpótí mọ́, ọ̀pá á sì tú wọ́ọ́rọ́wọ́. Ọ̀pá àtijọ́ ti bàjẹ́ nìyẹn, ṣùgbọ́n àpótí yè.

Àpótí yẹn ló sì ṣe pàtàkì. Ẹ̀gbẹ́ ojú ẹni tó ń yìnbọn ló máa ń wà. Bó bá ti là láìhàn, ẹ̀mí lè lọ sí i. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń sọ ọ́ di mágínẹ́ẹ̀tì, tí wọ́n á da lẹ́búlẹ́bú irin sí i: ibi tó bá ti là ni lẹ́búlẹ́bú máa kó jọ sí.

Torí náà, bí nọ́ọ̀tì bá kọ̀, ẹ má kọ́kọ́ wá páìpù tó gùn sí i. Ẹ bi ara yín ná pé: kí ló dì í mú?