Owó Ilé-Ìwé Ìjọba: Ta Ni Yóò Bèèrè Rẹ̀?

Àwọn àgbà wa sọ pé ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Gbogbo wa ni ó mọ òwe yìí. Síbẹ̀, nígbà tí a bá rí ọmọ tí ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú kíláàsì ilé-ìwé ìjọba, ohun tí a máa ń sọ ni pé, "Ìjọba kò lówó." Ṣé bẹ́ẹ̀ ni lóòótọ́? Ẹ jẹ́ kí a tọ ipa owó náà.

Ní ọdún 1999 ni a bẹ̀rẹ̀ ètò Ẹ̀kọ́ Gbogbogbòò, òfin rẹ̀ sì jáde ní ọdún 2004. Òfin náà ní kí ẹ̀kọ́ ọdún 6 ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti ọdún 3 tí ó tẹ̀lé e ní girama jẹ́ ọ̀fẹ́. Ẹnikẹ́ni tí ó bá gba owó ilé-ìwé lọ́wọ́ òbí fún un lè san owó ìtanràn tí kò ju ₦10,000 lọ, tàbí kí ó lo oṣù 3 lẹ́wọ̀n. Òfin kan náà ni ó ní kí a máa yọ ìdá 2 nínú 100 sọ́tọ̀ fún ẹ̀kọ́ yìí láti inú àpò ìjọba àpapọ̀. Àjọ UBEC ni ó ń pín in.

Ìdajì owó náà ni a ń pín lọ́gbọọgba fún ìpínlẹ̀ 36 àti Àbújá. Ṣùgbọ́n ìpínlẹ̀ kì í kàn án na ọwọ́ gbà á. Ó gbọ́dọ̀ kọ ètò iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀, kí ó sì mú iye kan náà wá láti inú àpò tirẹ̀. Ó dà bí ìgbà tí èèyàn méjì fẹ́ dáwó ra àgbò. Bí ẹnì kan bá mú tirẹ̀ wá, tí ẹnì kejì kò mú tirẹ̀ wá, orí ìso ni àgbò yóò wà. Bẹ́ẹ̀ ni owó ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ti ṣe pẹ́ sí Báńkì Àpapọ̀ láti ọdún dé ọdún, nígbà tí òrùlé ń jò lé àwọn ọmọ lórí.

Ẹ jẹ́ kí a tún wo ọ̀nà tí a ń gbà pín in. Ìpínlẹ̀ Niger ni ilẹ̀ rẹ̀ tóbi jùlọ ní Nàìjíríà, síbẹ̀ iye tí ó kàn án nínú ìdajì náà kò ju ti ìpínlẹ̀ kékeré lọ. Nítorí náà, ẹni tí ń pín owó nínú ìpínlẹ̀ yìí ní láti lo òdodo gidigidi, kí ilé-ìwé etí títì ní ìgboro má baà gba gbogbo rẹ̀ mọ́ ti abúlé lọ́wọ́. Bákan náà, ilé tí a kùn lọ́dà tí kò ní olùkọ́ kì í ṣe ilé-ìwé. Owó oṣù olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kò sí nínú owó UBEC. Láti inú owó ìjọba ìbílẹ̀ ni a ti ń mú un. Ìdí nìyí tí ìdájọ́ Ilé-Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ ní ọjọ́ 11 oṣù keje ọdún 2024, pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ sọ́wọ́ wọn tààrà, fi kan ilé-ìwé pẹ̀lú.

Ẹlòmíràn lè wí pé, "Fadá, àlejò ni àwa Yorùbá níhìn-ín, kí ni ó kàn wá?" Gbogbo ọmọ tí ó tó ilé-ìwé lọ ni òfin náà dárúkọ; kò bèèrè ìlú baba wọn. Ẹlòmíràn á ní ilé-ìwé aládàáni ni ọmọ tòun wà. Ó dára bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n àdúgbò kan náà ni ọmọ rẹ àti ọmọ tí a kò kọ́ yóò jọ gbé.

Kí ni kí a wá ṣe? Ìbéèrè mẹ́ta péré ni. Èkíní, ǹjẹ́ ìpínlẹ̀ wa ti san owó tirẹ̀ lọ́dún yìí? Èkejì, ilé-ìwé wo ni a kọ sínú ètò iṣẹ́ náà? Ẹ̀kẹta, ǹjẹ́ a ti ṣe iṣẹ́ náà? Ẹ gbé àwọn ìbéèrè wọ̀nyí lọ sí ìpàdé òbí àti olùkọ́, àti sọ́dọ̀ ìgbìmọ̀ alábòójútó ilé-ìwé tí a ń pè ní SBMC, nítorí àwọn òbí ní ìjókòó níbẹ̀. Bí ẹ kò bá rí ìdáhùn, ẹ kọ lẹ́tà. Òfin ọdún 2011 lórí òmìnira ìròyìn fún ilé-iṣẹ́ ìjọba ní ọjọ́ 7 láti fèsì. Ní oṣù kẹrin ọdún 2025, Ilé-Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ sọ pé òfin náà de àwọn ìpínlẹ̀ pẹ̀lú.

Kì í ṣe ìjà ni mo ní kí ẹ jà. Ẹni tí ó ni owó ni ó ń bèèrè bí a ṣe ná an, owó gbogbo wa sì ni. Ẹni tí ó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Ẹ má jẹ́ kí ti àwọn ọmọ wa bá wa dákẹ́. Kí Ọlọ́run kí ó bùkún ilé gbogbo wa. Ó dìgbà o.