Ẹ Ka Ara Táyà Kí Ẹ Tó Rà Á

Ẹ̀yin onímọ́tò Ìlobùú àti Ìfọ́n, mọ́tò lè pẹ́ láyé. Táyà kì í pẹ́ bẹ́ẹ̀. Táyà tókunbọ̀ a máa dán bíi tuntun, àṣé rọ́bà rẹ̀ ti gbẹ. Bí ó bá gbóná lójú ọ̀nà Òṣogbo, ó lè bẹ́ lójijì, kí ó sì pa èrò.

Ẹ wá ibi tí wọ́n kọ DOT sí. Bí ẹ ò bá rí nọ́ńbà mẹ́rin ní ìparí rẹ̀, ẹ yí táyà náà padà, kí ẹ wo ẹ̀gbẹ́ kejì. Bí ó bá jẹ́ 2319, ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019 ni wọ́n ṣe é. Èyí tó bá ti lé ní ọdún mẹ́rin, ẹ má rà á.

Ìwé tí ẹ kọ́ nìyẹn. Ẹ fi ṣọ́ ẹ̀mí yín.