IGI TÚTÙ Ń JẸ ÈRÈ WA



Níbí ní Ẹdẹ, púpọ̀ nínú wa ló ń fi iná igi jẹun: àwọn tó ń yan gàrí, àwọn tó ń fún epo, olóúnjẹ, ẹlẹ́kọ àti alákàrà. Owó tí a yá lọ́wọ́ ẹgbẹ́ la fi ń ra igi. Bí igi bá wá jẹ èrè tán, kí la ó fi san owó ẹgbẹ́? Ìdí nìyí tí a fi kọ ọ̀rọ̀ yìí.

OMI INÚ IGI

Igi tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gé, omi lè kó ìdajì ìwọ̀n rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká fi kílò 100 ṣe ìṣirò: kílò 50 jẹ́ igi gan-an, kílò 50 jẹ́ omi. Bí a bá sá a tó gbẹ dáadáa, yóò fúyẹ́ di nǹkan bíi kílò 60. Kílò 40 tó lọ yẹn, òòrùn àti atẹ́gùn ló bá wa gbé e lọ lọ́fẹ̀ẹ́. Ṣùgbọ́n bí a bá kì í bọ iná ní tútù, iná tó yẹ kó máa se ìkòkò ni yóò kọ́kọ́ máa se omi inú igi. Kílò igi tútù kan kò fi bẹ́ẹ̀ mú ooru wá ju ìdajì ti kílò igi gbígbẹ lọ. Iná rẹ̀ kì í sì í gbóná tó láti jó èéfín tán. Èéfín yìí, igi tí kò jó tán ni. Owó wa ló ń gba ojú fèrèsé jáde yẹn.

BÍ A ṢE Ń SÁ IGI

1. Ìgbà ọyẹ́ ló dára jù, láti Oṣù Kọkànlá dé Oṣù Kejì. Ọyẹ́ tó ń mú ètè wa bẹ́, òun náà ló ń fa omi jáde lára igi. Ẹni tó bá dúró di Oṣù Keje, òjò ni yóò rà mọ́ igi.

2. Ẹ gé e kúkúrú, kí ẹ sì là á, kó tó bí ọrùn ọwọ́. Èèpo kì í jẹ́ kí omi jáde bọ̀rọ̀. Ojú ibi tí a là ló ń gbà jáde. Igi líle bí ayín a máa pẹ́ kó tó gbẹ, ṣùgbọ́n ẹyin iná rẹ̀ kì í tètè kú.

3. Ẹ má tò ó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ẹ fi búlọ́ọ̀kù tẹ́ ìsàlẹ̀, kí ẹ tò ó ní àgbélébùú, kí atẹ́gùn lè gba àárín rẹ̀ kọjá.

4. Ẹ fi páànù bo orí rẹ̀ nìkan, kí ẹ̀gbẹ́ wà ní ṣíṣí. Ẹni tó bá fi ọ̀rá wé igi tútù, ó sé omi mọ́ ọn nínú ni; yóò bu.

Báwo la ṣe ń mọ̀ pé ó ti gbẹ? Orí rẹ̀ yóò sán, èèpo rẹ̀ yóò máa ṣí. Ẹ fi méjì lu ara wọn: bó bá dún kó, ó ti gbẹ, bó bá dún gbì, omi ṣì ńbẹ. Ẹni tó ní òṣùwọ̀n ní ìsọ̀ lè máa wọn ẹyọ igi kan lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Nígbà tí kò bá fúyẹ́ sí i mọ́, ó ti tó dá.

ÌDÍ ÀÀRÒ

Àwọn àgbà ní ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ó ń da ooru nù. Ẹ fi amọ̀ mọ odi yí ìkòkò ká, kí ẹ dá ẹnu kan sí fún igi. Kí àlàfo àárín odi àti ìkòkò má ju ìka kan lọ, kí ooru lè máa ra ara ìkòkò lọ sókè. Ẹ tẹ́ irin sí ẹnu rẹ̀ kí igi sùn lé e, kí atẹ́gùn máa gba abẹ́ wọlé. Irú ọgbọ́n yìí ni Larry Winiarski, ará Oregon ní Amẹ́ríkà, lò lọ́dún 1982, tó fi ṣe ìlànà ààrò tí wọ́n ń pè ní rocket stove. Inú ihò kúkúrú tó tẹ̀ bí ìgúnpá ni iná rẹ̀ ti ń jó.

Ògùṣọ̀ ni kí ẹ fi tan iná. Ẹ má lo kẹrosíìnì, ọ̀rá, táyà tàbí pákó tí wọ́n kùn lọ́dà. Orí igi nìkan ni kó máa jó, ẹ máa tì í díẹ̀díẹ̀. Igi wọ́rọ́kọ́ ní í da iná rú, ẹ là á wẹ́wẹ́. Ẹ dé ìkòkò. Bó bá ti hó, ẹ fa igi sẹ́yìn: omi tó ń hó wàwà kò gbóná ju èyí tó ń hó jẹ́jẹ́ lọ. Ẹ rẹ ẹ̀wà sómi mọ́jú kí ẹ tó sè é. Bí ẹ bá parí, ẹ fi iyanrìn pa iná, ẹ má da omi sórí igi tí ẹ ti fara ṣiṣẹ́ sá.

Ọ̀RỌ̀ ÈÉFÍN

Kì í ṣe owó nìkan o. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò pé lọ́dún 2020, èéfín ìdáná inú ilé ṣekú pa èèyàn bíi mílíọ̀nù 3.2 káàkiri ayé. Àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5 lé ní 237,000 nínú wọn. Igi gbígbẹ ń dín èéfín kù, kò mú un kúrò pátápátá. Nítorí náà, ẹ dáná níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́, ẹ má sì pọn ọmọ sẹ́yìn nídìí iná.

Àbá wa rèé: kí àwọn tó ń lo igi dáwó jọ, kí a jùmọ̀ ra igi ní Oṣù Kọkànlá, kí a là á, kí a tò ó sábẹ́ páànù kan. Nígbà tí òjò bá dé, tí igi gbígbẹ bá wọ́n, olúkúlùkù yóò wá kó ìpín tirẹ̀. Ẹ rò ó wá sí ìpàdé tó ń bọ̀, kí ẹ sì mú iye tí ẹ ń ná lórí igi lọ́sẹ̀ dání.

Akọ̀wé Ẹgbẹ́